Ìwé Káfíńtà Tí Kò Ṣí

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé ó ti kú." Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọbìnrin náà bá Dókítà sọ nìyẹn.

Dókítà kì í ṣe oníṣègùn. Kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe. Àwọn ará àdúgbò ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, torí ó máa ń gbé etí lé ẹ̀rọ kó tó tú u.

"Kí ló ń ṣe é?"

"Fáìlì kan ni kò ṣí. Ìwé bàbá mi ni. Wọ́n ń sọ, mo ń tẹ̀ ẹ́."

Àgbà káfíńtà ni bàbá rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti fọ́. Gbogbo ohun tó mọ̀ nípa igi ló wà nínú ìwé náà. Ìwé náà nìkan ló kù tó ń gbé e dìde lórí ibùsùn láràárọ̀.

Dókítà kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, kó má baà fọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́. Ó gbìyànjú títí, kò ṣí. Ọmọbìnrin náà sì ń yà wò ó lójoojúmọ́.

"Dókítà, aláìsàn wa ńkọ́?"

"Ó ṣì ń mí. Ẹni tó gbé e wá ni kò jẹ́ kí dókítà sùn."

"Ẹ ò tiẹ̀ tijú!" Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń rín. Láìpẹ́, ìfẹ́ ti wọ àwọn méjèèjì lára.

"Àyànfẹ́ mi," ni Dókítà wí, "bí iṣẹ́ yìí bá parí, mo fẹ́ wá rí bàbá."

Nígbà tó wá rí ìdí ọ̀rọ̀, ó bà á nínú jẹ́. Fáìlì náà tóbi bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n òfo ló kún inú rẹ̀.

"Iná ló kúrò nígbà tí ẹ̀rọ ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Ṣé iná lọ lọ́jọ́ náà?"

"Iná ò lọ," ni ọmọbìnrin náà wí. Bátìrì kọ̀ǹpútà wọn ti kú tipẹ́; ara ògiri ló ti ń mu iná. Bí bàbá bá sì ti sọ̀rọ̀ tán, á fọwọ́ wá súwìṣì, á pa á. Kò fẹ́ ìfiṣòfò.

"Ẹ̀dà kejì ńkọ́?"

"Bàbá ní ìfiṣòfò nìyẹn náà." Ó bú sẹ́kún. "Wọn ò gbọdọ̀ gbọ́ o. Tí wọ́n bá mọ̀ pé ọwọ́ ara wọn ló pa ìwé náà, wọn ò ní dìde mọ́."

"Kí ni kí n wá sọ fún wọn?"

"Mi ò mọ̀."

Wọ́n jọ gbé ẹ̀rọ náà lọ sílé bàbá. Bàbá jókòó sójú fèrèsé, ó na ọwọ́ sí ibi tó ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀.

"Ṣé ìwọ ni Dókítà? Ìwé mi dà?"

"Kò ṣeé ṣí mọ́, Bàbá."

"Ta ló bà á jẹ́?"

Ọmọbìnrin náà ń wo ilẹ̀. Dókítà wò ó.

"Èmi ni. Ẹ forí jì mí."

Bàbá kò pariwo. "Ọmọ mi ti sọ fún mi nípa ẹ̀yin méjèèjì. Inú mi ti ń dùn. Ṣùgbọ́n káfíńtà tó bá ba pákó oníbàárà jẹ́, a kì í gbé pákó mìíràn lé e lọ́wọ́. Máa lọ."

Lẹ́nu ọ̀nà, ọmọbìnrin náà di apá aṣọ Dókítà mú. "Màá sọ òótọ́ fún wọn."

"Kí ni yóò wá gbé wọn dìde lọ́la?"

"Àwa méjèèjì ńkọ́?"

Dókítà rọra yọ ọwọ́ ọmọbìnrin náà lára aṣọ rẹ̀. Ó sì lọ.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀?" ni bàbá ké láti inú ilé. "Wá jókòó. A óò tún un bẹ̀rẹ̀."

Ọmọbìnrin náà jókòó, ó tan ẹ̀rọ.

"Orí kìíní. Má fi igi tútù kan ilẹ̀kùn. Bó bá gbẹ tán, yóò fà sẹ́yìn kúrò lára ẹnìkejì rẹ̀."

Omi ojú ń kán sí ọmọbìnrin náà lọ́wọ́. Bàbá gbọ́ pé ìró títẹ̀ ti dákẹ́.

"Ṣé mo yára jù ni?"

"Rárá, Bàbá. Ẹ máa sọ ọ́. Mo ń tẹ̀ ẹ́."