Oògùn Tí Mísbáù Bù

Ológbò náà ni Mísbáù kọ́kọ́ rí, kí ó tó rí Hafeezah. Orí rẹ̀ yọ láti inú ìborùn aláwọ̀ ewé Hafeezah, ó ń wo èrò ọjà Lapaz ní Accra bí ìyàwó lèmọ́mù tí wọ́n mú dúró jù.

"Bọ̀ọ̀dá, eégbọn fẹ́ pa wá nílé."

"Àǹtí, tiyín ni kí n kọ́kọ́ já ni, àbí tirẹ̀?"

Hafeezah fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Oògùn ẹran ọ̀sìn ni Mísbáù ń tà. Lọ́jọ́ yẹn, ó ta kóòmù eléyín wẹ́wẹ́ fún un, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń já eégbọn sínú kẹrosíìnì. Hafeezah padà wá lọ́sẹ̀ kejì, ó tún wá lọ́sẹ̀ kẹta nígbà tí eégbọn ti tán. Kí ọdún 2014 tó parí, gbogbo Mamobi, àdúgbò wọn, ti mọ̀ pé Mísbáù ló ń fẹ́ Hafeezah, ọmọ Bàbá Rájí, télọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ìyàwó yẹn ló tọ́ ológbò náà dàgbà.

Nígbà òjò, eégbọn padà. Oníbàárà kì í sábà ra odindi oògùn. Nítorí náà Mísbáù, bí gbogbo àwọn tó ń ta irú rẹ̀ nítòsí, a máa ra ti ajá ńlá, a sì bù ú sínú ìgò kéékèèké. Páálí tí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sí, ààtàn ló ń lọ. Ó bu díẹ̀ fún Hafeezah lọ́fẹ̀ẹ́. Hafeezah bi í bóyá kò léwu.

"Olólùfẹ́ mi, ṣé mo lè fún ọ ní ohun tó léwu?"

Hafeezah fi í sí ọrùn ológbò náà láàárọ̀. Kí wọ́n tó kírun ọ̀sán, ológbò náà ti ń gbọ̀n, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Dókítà ẹran béèrè orúkọ oògùn náà, ṣùgbọ́n ìgò kò ní àkọlé. Ológbò náà kú lórí tábìlì.

Mísbáù lọ sí Okaishie, ọjà tí ó ti ń ra oògùn, ó wá páálí oògùn náà rí. Wọ́n ya ológbò sí i lára, wọ́n fa ìlà pupa kọjá lórí rẹ̀. Kò tilẹ̀ gba kí ènìyàn mọ̀wé. Sàláwù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní kí ó sọ pé eku tó jẹ májèlé ni ológbò jẹ; ta ni yóò mọ̀? Mísbáù gbé páálí náà lọ sí Mamobi, ó dọ̀bálẹ̀, ó fi han Bàbá Rájí àti Hafeezah.

Bàbá Rájí wo àwòrán náà pẹ́.

"Ẹni tí kò wo ohun tó ń tà, báwo ni yóò ṣe máa wo ọmọ mi?"

Ó ní kí ó má tẹ ilé òun mọ́.

Ọdún méjì kọjá. Mísbáù kò bu oògùn mọ́. Ó ń bi oníbàárà irú ẹran tó ní àti bó ṣe wúwo tó. Oníbàárà a pòṣé, a kọjá sí ìsọ̀ kejì tí wọ́n ti ń bù ú.

Hafeezah ló padà wá. Ó ní Bàbá ti gbà kí àwọn méjèèjì fẹ́ ara wọn; Bàbá yóò wá síbi yìgì, ṣùgbọ́n kò ní jẹun níbẹ̀.

"Ìwọ ńkọ́?"

"N ò tíì dárí jì ọ́." Ilẹ̀ ló ń wò. "Ṣùgbọ́n o rí àyè láti parọ́, o ò pa á. Nínú àwọn tó wá fẹ́ mi lẹ́yìn rẹ, n ò rí ẹni tó dá mi lójú tó bẹ́ẹ̀."

Mísbáù fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Hafeezah fà á sẹ́yìn, ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó nà án fún un.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n so yìgì. Bàbá Rájí jókòó títí àdúrà fi parí, ó ṣe àmín. Wọ́n gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ó dìde láì fọwọ́ kàn án.