Ta Ni Ń Jẹ́ "Ẹ" Nínú Wa?

"O ń yọjú sí igun mi! Mo rí ọ, Kìtán, o ń yọjú!"

"Èmi kọ́ o! Igun tèmi ni mò ń wò. Àbí kí n dijú ni?"

Hameedat ò tilẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀ Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ àti Kìtán. Ó ti sún mọ́ iwájú débi pé imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Tẹlifíṣọ̀n tó wà ní pálọ̀ àwọn Ìbídùnní ní Òkè-Àró, ní Àkúrẹ́, ò tóbi rárá, síbẹ̀ wọ́n tún pín ojú rẹ̀ sí mẹ́rin kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè jọ ṣe géèmù ìdíje ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Igun kan fún Ìbídùnní, ọ̀kan fún Hameedat ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ilé wọn kọjú síra, ọ̀kan fún Kìtán, ọ̀kan fún Ìmọ́lẹ̀ayọ̀. Kìtán àti Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ jẹ́ ọmọ Àǹtí Ọlábísí, àbúrò bàbá Ìbídùnní, láti Oǹdó ni wọ́n sì ti wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ìsinmi. Ọkọ̀ tí kálukú ń wà ò tóbi ju èèrà lọ. Ẹni tí ò bá rí tirẹ̀ dáadáa á máa wo ti ẹlòmíràn, ariwo á sì bẹ́.

Bàbá Ìbídùnní jáde láti yàrá, ó fa wáyà yọ lára ògiri. Pálọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.

"Ṣé eré lẹ̀ ń ṣe ni, àbí ẹjọ́ lẹ̀ ń rò?" Ó ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín. "Ẹ wá ọ̀nà mìíràn tí ẹ ó máa gbà ṣeré yín. Ẹ má pín tẹlifíṣọ̀n mi bí ẹran iléyá mọ́."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà nìyẹn. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní kí wọ́n máa gbà á ṣe: kí ẹnì kan ṣe títí yóò fi kú nínú géèmù, kó gbé páàdì tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Èyí dára títí ó fi kan Kìtán. Ọmọ náà kọ̀, kò kú. Hameedat lọ sílé, ó lọ ata, ó fọ abọ́, ó padà wá, Kìtán ṣì jókòó síbẹ̀ tó ń wakọ̀ kiri.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí wọ́n so fóònù pọ̀ kí kálukú máa wo tirẹ̀. Fóònù méjì péré ló wà láàárín wọn, ti Ìbídùnní àti ti Hameedat. Àwọn méjèèjì dorí kodò, wọn ò sọ̀rọ̀, àwọn méjì yòókù jókòó tì wọ́n bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú. Màmá Àgbà, ìyá bàbá Ìbídùnní, bá wọn bẹ́ẹ̀, ó di àyà mú. "Ta ló kú o?"

Ọjọ́ kẹta ni Hameedat rí géèmù kan tí wọ́n ń pè ní Okùn Kan. Ojú tẹlifíṣọ̀n ò pín rárá nínú rẹ̀. Ènìyàn kéékèèké mẹ́rin ni, okùn kan ló so gbogbo wọn pọ̀, wọ́n á máa gun òkè kan lọ. Bí ẹnì kan bá sáré ju àwọn yòókù lọ, okùn á fà á padà. Bí ẹnì kan bá já sínú omi, gbogbo wọn já nìyẹn. Kò sí igun tẹ́nikẹ́ni lè yọjú sí, ojú kan náà ni gbogbo wọn ń wò.

Inú wọn dùn dé góńgó. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, tó kéré jù, ọmọ ọdún méjìlá, ni ojú rẹ̀ yá jù. Ó máa ń mọ ìgbà gan-an tí igi fẹ́ ṣubú àti ìgbà tí àfara fẹ́ là, torí náà òun ni wọ́n fi ṣe olùpè. Bó bá ní kí ẹnì kan fò, onítọ̀hún á fò. Bó bá ní kí ó dúró, á dúró.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀. Nílé Àǹtí Ọlábísí ní Oǹdó, "o" ni àwọn ọmọ ń pe ara wọn, ẹ̀gbọ́n ò yàtọ̀ sí àbúrò. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dé Àkúrẹ́, Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ fi ẹ̀rín bi Ìbídùnní pé, "Ìbí, ṣé o ti jẹun?" Ojú Ìbídùnní le koko. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún ni òun, igbákejì olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni òun nílé-ìwé, tí àwọn ọmọ kéékèèké ń sá fún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀!

"Ta lò ń pè ní 'o'?" ó bi í. "Ọdún mẹ́rin ni mo fi jù ọ́ lọ. 'Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti jẹun?' là ń wí."

Láti ọjọ́ náà, "ẹ" ni Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ àti Kìtán ń pè é. Wọ́n fẹ́ máa pe Hameedat náà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó fi ọwọ́ lé e dànù. "Ẹ̀gbọ́n mẹ́fà ni mo ní tí mò ń pè ní 'ẹ' nílé. Ó ti sú mi. 'O' ni kí ẹ máa pè mí."

Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe Okùn Kan ní pálọ̀, "ẹ" yìí ò dí wọn lọ́wọ́. Orí àga kan ni wọ́n máa ń há ara wọn mọ́. Bí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ bá ní "Ẹ fò!" tó sì jẹ́ Ìbídùnní nìkan ló ń bá wí, á ti fi ìka gún un nítan. Bí kò bá gún ẹnikẹ́ni, gbogbo wọn ló ń bá wí. Ó ti mọ́ wọn lára tó bẹ́ẹ̀ tí wọn ò fi mọ̀ pé ìka ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìsinmi parí ni Àǹtí Ọlábísí pè láti Oǹdó. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan ládùúgbò wọn fẹ́ ṣe ìdíje Okùn Kan. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ gun òkè náà dópin yóò lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì nílé-ìwé gíga kan ní Ìlárá-Mọ̀kín, níbi tí wọn yóò ti kọ́ wọn bí a ṣe ń dá géèmù tuntun sílẹ̀ fúnra ẹni.

Ìbídùnní gbọ́ èyí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tó ti wà ní ìwé kejì ló ti ń ya àwọn géèmù tirẹ̀ sínú ìwé ìṣirò, tí olùkọ́ ń lù ú nítorí rẹ̀. Kò sí ohun tó wù ú láyé tó bẹ́ẹ̀. Lóru ọjọ́ náà, kò sùn dáadáa, ayọ̀ ni kò jẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, Màmá Àgbà mú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ bọ́ọ̀sì, ó di Oǹdó. Gbọ̀ngàn náà kún fọ́fọ́. Ògiri funfun gbàràmù kan ni wọ́n ń tan géèmù sí, ó tóbi ju ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Níwájú rẹ̀ ni àga oníke mẹ́rin wà, wọ́n sì jìnnà síra wọn dáadáa kí àwọn èrò lè rí olúkúlùkù. Ọ̀gbẹ́ni Oyèníyì, tó ń darí ètò, ṣàlàyé fún wọn pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹgbẹ́ kan lè já somi. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta, ó parí. Ẹgbẹ́ márùn-ún ti gbìyànjú, kò sí èyí tó dé òkè. Ọ̀kan lára wọn wá láti ilé-ìwé Ìbídùnní gan-an, àwọn ọmọ kékeré mẹ́rin tí Ìbídùnní máa ń fìyà jẹ bí wọ́n bá pẹ́ dé. Wọ́n jókòó sí ìlà àkọ́kọ́, wọ́n la ojú sílẹ̀ rekete.

Géèmù bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọjá ibi òkúta àkọ́kọ́, wọ́n kọjá ibi àfara. Igi ńlá kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí bọ̀ wá sọ́dọ̀ Ìbídùnní.

"Ẹ fò!" ni Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ kígbe.

Ìbídùnní fò. Hameedat náà fò. Kìtán náà fò. Ibi tí àwọn méjèèjì wà ò ní ohun tí wọ́n máa fò lé, inú omi ni wọ́n bọ́ sí, wọ́n sì fa gbogbo ènìyàn tẹ̀ lé ara wọn. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dé ibi tí ilẹ̀ ti ń mì. "Ẹ dúró!" ni Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ pariwo. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo wọn ló ń bá wí. Ìbídùnní dúró gbọnin. Ṣùgbọ́n Hameedat àti Kìtán ti rántí ti àkọ́kọ́, wọ́n rò pé "ẹ" ti Ìbídùnní nìkan ni, ni wọ́n bá ń lọ ní tiwọn. Ilẹ̀ là. Gbì!

"Ẹ̀ẹ̀mejì rèé o!" ni Ọ̀gbẹ́ni Oyèníyì wí. "Ẹ gba ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ lọ mu omi."

Lẹ́yìn gbọ̀ngàn, Ìbídùnní fi ìbínú kọjú sí olùpè wọn. "Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, kí ló ṣe ọ́? Kí ló dé tí o ò pè wá dáadáa?"

Omi ti lé sójú ọmọ náà. "Kí ni kí n wí? Bí mo bá ní 'ẹ', wọn ò mọ̀ bóyá ẹ̀yin nìkan ni àbí gbogbo wa. Bí mo bá sì ní 'o', ẹ máa bínú."

"Ṣé o ò lè ní 'Ẹ̀gbọ́n Ìbídùnní, ẹ fò' ni?"

"Kó tó pè é tán, igi ti lù wá pa," ni Kìtán dáhùn.

Màmá Àgbà, tó ń bó ọsàn fún wọn, gbé ojú sókè. "Ìbídùnní, ùwọ ọmọ mi, gbọ́. Ní ulé wa ní Àkúrẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, 'o' la máa ń pe bàbá wa. A sì ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀, ẹnì kan ò gbọdọ̀ jókòó sí àga rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé lẹ mú 'ẹ' wọlé wá bá wa."

"Háà, màmá, bí n bá dán 'o' wò nílé wa," ni Hameedat fọhùn, "màmá mi á fọ́ mi létí títí dé ìlú wa, Ògbómọ̀ṣọ́!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Ìbídùnní. Ó ń ronú kan àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ tó wà ní ìlà àkọ́kọ́. Bí ọmọ ọdún méjìlá bá ń pè é ní "o" níwájú gbogbo ayé, ṣé wọ́n ṣì máa bẹ̀rù rẹ̀ bí ilé-ìwé bá wọlé? Ìtìjú mú un, ó sì bínú sí ara rẹ̀ pé ìtìjú mú òun. Ó wá rí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ọmọ yìí ò ṣe ohunkóhun ju pé ó ṣe ohun tí òun ní kó ṣe. Àánú rẹ̀ ṣe é gan-an.

"Ìmọ́lẹ̀ayọ̀," ó wí, "má sunkún mọ́. Pè mí ní Ìbí. Bí èmi nìkan lò ń bá wí, 'Ìbí, fò.' Tí o bá ti ní 'ẹ', gbogbo wa ni. Kígbe rẹ̀ sókè, kí gbogbo Oǹdó gbọ́."

Wọ́n padà sórí àga wọn.

"Ìbí, fò!" Ìbídùnní fò. Ẹ̀rín sọ ní ìlà àkọ́kọ́, Ìbídùnní ò wẹ̀yìn.

"Kìtán, dúró! Hameedat, fa okùn! Ìbí, o ti yára jù, padà!"

"Mo ti padà!"

"Ẹ fò!" Gbogbo wọn fò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rín ti dá ní ìlà àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ ti dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. "Ìbí, dì í mú! Ìbí, fò!" Nígbà tí ènìyàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi okùn kan gun ṣóńṣó òkè náà, ariwo tó sọ, wọ́n gbọ́ ọ dé títì. Hameedat ń fò, Kìtán ń yí nílẹ̀, Màmá Àgbà ń jó láìsí ìlù. Ìbídùnní di Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ mọ́ra, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìlárá-Mọ̀kín ti di tiwọn.

Ìdùnnú tó mú un lọ́jọ́ náà jẹ́ kó rí ohun tí kò rí tẹ́lẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ dé ibi gíga gbọ́dọ̀ lè sọ ara rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá béèrè fún un, ọ̀wọ̀ tí a bá sì fi ojú líle gbà lọ́wọ́ ọmọdé kì í ti ọkàn ọmọ náà wá.

Nígbà tí wọ́n délé Àǹtí Ọlábísí, Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ bu omi tútù, ó kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Ìbídùnní.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mu omi."

"'Ẹ' kẹ̀?" ni Ìbídùnní bi í. "Mo ṣáà ní kí o máa pè mí ní Ìbí."

"Mo gbọ́," ni ọmọ náà dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rín. "'Ẹ' tí mo ń pè yín tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin lẹ ní kí n máa pè é. Eléyìí, èmi ni mo fẹ́ ẹ."