Afẹ́fẹ́ Tó Ń Gba Ẹ̀bùrú Wọlé

"Ó tún ń ké," ni bàbá Sípánà wí lórí àpótí tó jókòó sí níbi iṣẹ́ mẹkáníìkì.

Sípánà ti dẹwọ́ iná tí wọ́n fi ń mú un sáré, síbẹ̀ ẹ́ńjìnnì alùpùpù náà ń ké bí ẹni tí wọ́n ń lé. Sípánà ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà nílé àti níléèwé, torí pé láti kékeré ló ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ tó jẹ́ mẹkáníìkì. Alùpùpù yìí ni bàbá fi ń gbé búrẹ́dì kiri ṣọ́ọ̀bù. Bí kò bá gbéra, ilé ò gbéra. Sípánà ti pààrọ̀ rọ́bà tó so kabúrétọ̀, tó ń po epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́, mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó tún pààrọ̀ rẹ̀, pàbó ló já sí.

Mẹkáníìkì náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọ́n omi ọṣẹ sí ìdí rọ́bà náà. Lójú ẹsẹ̀, ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà.

"Ṣé o gbọ́ ọ? Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀bùrú wọlé. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Rọ́bà kọ́, irin tó jókòó lé ló ti wọ́. Tú u, tẹ́ sáńpépà sórí gíláàsì, kí o máa ha ojú irin náà lórí rẹ̀ títí yóò fi tẹ́jú pẹrẹsẹ. Má kánjú o."

Ó lọ dá oníbàárà mìíràn lóhùn.

Sípánà ha á, ó ha á. Apá ń ro ó, ẹ̀yìn ń dùn ún, ìdánwò ìṣirò sì ń dúró dè é lọ́jọ́ kejì. Ó gbé irin náà sójú ìmọ́lẹ̀: àárín rẹ̀ ṣì jin. Ó wo bàbá. Oorun ti ń gbé e lọ lórí àpótí. Ló bá fa gọ́ọ̀mù yọ, ó kùn ún yíká, ó sì dè é pinpin. Nígbà tó tan án, ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀ wọ̀ọ̀.

Bàbá lajú. "Ṣé ó ti parí?"

"Ó ti parí, sà."

"O ṣeun, ọmọ mi. Wàá jèrè ọwọ́ ẹ."

Àdúrà náà gún un láyà.

Bó ṣe ń jáde nínú yàrá ìdánwò lọ́jọ́ kejì ló rí ìyá rẹ̀ lẹ́nu géètì, tó káwọ́ lérí. Epo ti jẹ gọ́ọ̀mù náà. Bí bàbá ṣe ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ni ẹ́ńjìnnì ké, tí alùpùpù sì sáré fúnra rẹ̀. Kó má baà kọlu àwọn tó ń sọdá, bàbá yà á sínú gọ́tà. Apá rẹ̀ ọ̀tún kán.

"Gọ́ọ̀mù ni mo fi dí i," ni Sípánà wí lẹ́bàá ibùsùn bàbá nílé ìwòsàn. "Irin yẹn ò tíì tẹ́jú. Ó rẹ̀ mí ni, sà."

Bàbá wo apá rẹ̀ tí wọ́n dì.

"Ó rẹ èmi náà," ló wí. "Ká ní o sọ ọ́ ni, à bá jọ lọ sùn, kí búrẹ́dì ọjọ́ kan ṣòfò. Àárẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. 'Ó ti parí' tó o sọ yẹn ló gbé mi ṣubú."

Sípánà padà sídìí irin náà, ó ha á títí omi ọṣẹ kò fi yí ohùn ẹ́ńjìnnì padà mọ́. Ẹnikẹ́ni ò yìn ín. Alùpùpù yá, ṣùgbọ́n apá bàbá ò tíì yá, nítorí náà òun àti ìyá rẹ̀ ló ń fi orí ru búrẹ́dì kiri láàárọ̀ kó tó lọ síléèwé. Ọrùn ń ro ó, àánú rẹ̀ sì ń ṣe ìyá rẹ̀ débi pé kò lè bá a wí. Ó ti wá yé e wàyí: ẹni tó bá rẹ̀, kó sọ pé ó rẹ òun. Iṣẹ́ tí a bá ṣe kù, ara ẹlòmíràn la fi ń parí rẹ̀.