Síńgílẹ́ẹ̀tì Tí Bàbá Ùsmán Rán

Nígbà tí Àṣírù kọ́kọ́ rí Túnmiṣe, ọmọbìnrin náà sanra bí àpò òwú. Kí oòrùn tó dé àárín orí, ó ti tín-ín-rín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú àwẹ̀. Ìṣojú Àṣírù ni gbogbo rẹ̀ ṣe, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún un.

Ẹnu géètì Ìkògòsì ni, níbi tí àwọn tó wá wo omi gbígbóná àti omi tútù ti ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà, ètè gbogbo èèyàn ti funfun. Àṣírù, télọ̀ láti Arámọ̀kọ, gbé yunifọ́ọ̀mù àwọn tó ń gbé oúnjẹ ní òtẹ́ẹ̀lì wá, ó jókòó sórí ọ̀kadà rẹ̀, ó ń dúró de máníjà. Ibẹ̀ ló ti rí ọmọbìnrin kan tó wọ pólò funfun lé dúdú, dúdú lé aláwọ̀ eérú, eérú lé funfun mìíràn, títí tí apá rẹ̀ kò fi lè sún mọ́ ìhà mọ́. Kò ní ère tí wọ́n ń gbé aṣọ kọ́, ló bá fi ara rẹ̀ ṣe é. Bí oníbàárà bá ti tọ́ka sí èyí tó wà lókè, á bọ́ ọ lórí ìdúró, á gbọ̀n ọ́n, á ká a, á gbowó. Èèyàn mìíràn á sì jáde lábẹ́ rẹ̀, tó fi díẹ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́.

"Gbajúmọ̀, ẹ ń rà ni àbí ẹ ń kà mí?" ọmọbìnrin náà bi í.

"Mo ń dúró kí n rí ẹni tó wà lábẹ́ pátápátá."

"Ẹni yẹn kì í ṣe títà."

Àṣírù rẹ́rìn-ín, ó sọ̀kalẹ̀. Ó fa etí pólò kan, ó yí inú rẹ̀ síta bí àwọn télọ̀ ṣe máa ń ṣe, ó sì yínmú. "Etí tí wọ́n fi sínú yìí kò tó ìbú èékánná. Bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá sanra, níbo la fẹ́ tú sílẹ̀ fún un?"

"Á lọ ra èyí tó tóbi."

"Èyí tó kéré ńkọ́?"

"Á bọ́ sọ́wọ́ àbúrò rẹ̀. Àbí nílé tiyín, ẹ ò wọ aṣọ ẹ̀gbọ́n yín rí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Àṣírù lára, nítorí aṣọ ẹ̀gbọ́n ló wọ̀ dàgbà. Láyé ìgbà yẹn, aṣọ Iléyá kan ni bàbá rẹ̀ máa ń rán fún ọmọ, á sì rán an kó fẹ̀ tó ọmọ méjì, nítorí ọmọ ń dàgbà. Ọdún àkọ́kọ́, wọ́n á ká ọwọ́ rẹ̀ sókè, ọmọ á máa wọ́ ṣòkòtò nílẹ̀ lọ sí yídì. Ọdún kejì, á bá a mu. Ọdún kẹta, kókósẹ̀ ti jáde, àbúrò á sì máa wò ó bí ẹni ń wo ogún. Òórùn áyọ́ọ̀nù eléèédú tó máa ń wà lára aṣọ yẹn, Àṣírù ṣì ń gbọ́ ọ nígbà míì, láìsí áyọ́ọ̀nù kankan nítòsí.

Ó ra dúdú kan. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó ní bọ́tìnnì yunifọ́ọ̀mù kan ti já, ó tún gba Ìkògòsì lọ, ó ra dúdú mìíràn. Bọ́tìnnì ń já ṣáá. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, pólò dúdú ti kún àpótí rẹ̀, dúdú ló ń wọ̀ lójoojúmọ́, àwọn àgbààgbà Arámọ̀kọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí i kú ara fẹ́ra kù. Ó ń dáhùn. Kí ló fẹ́ ṣe?

Ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì jọ sọ̀kalẹ̀ lọ síbi tí omi méjì ti pàdé. Túnmiṣe ki ọwọ́ kan bọ gbígbóná, ó ki ìkejì bọ tútù.

"Ìwọ télọ̀ yìí, èwo ni ẹ́ nínú méjèèjì?"

"Èyí tó ò ní fẹ́ yọ ọwọ́ rẹ kúrò nínú rẹ̀."

"Ta ló kọ́ ẹ lọ́rọ̀ yìí?"

"Mo ti ń rò ó bọ̀ láti Èrìò, lórí ọ̀kadà."

Túnmiṣe rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí òkúta. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, kò dìde. Ó ní, "Olówó orí mi, tó bá dá ẹ lójú, lọ sọ fún bàbá ẹ. Èmi náà á sọ fún tèmi ní Ìjerò."

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Bàbá Túnmiṣe, alàgbà ni ní ṣọ́ọ̀ṣì Síéésì n'Ìjerò. Bàbá Ùsmán tó bí Àṣírù, tó sì kọ́ ọ ní iṣẹ́ télọ̀, òun ló ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò rẹ̀. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló gbé àga síta de ìjà. Àmọ́ alàgbà ní tí ọmọkùnrin náà bá níwà, kó máa bọ̀. Bàbá Ùsmán ní Ọlọ́run kan náà ló dá gbogbo wa. Àwọn tó gbé àga síta ti ń gbé e wọlé padà nígbà tí Bàbá Ùsmán béèrè pé, "Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Ó ń ta pólò, sà. Àwọn tí kò ní àwòrán lára. Funfun, dúdú, eérú. Wọn ò wọ́n," Àṣírù dáhùn.

Bàbá Ùsmán dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣínì. "Fáàsì fáṣàn," ló wí.

Orí rédíò ló ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní aṣọ tí wọ́n sáré rán ni, tí wọ́n sáré tà, tí èèyàn sáré jù nù, tó wá lọ ń dí odò olódò pa. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tí wọn kò bá fi téèpù wọn ara ẹni kí wọ́n tó rán an, fáàsì fáṣàn ni lójú rẹ̀. Ó ní ẹni tó ń tà á kò ní wọ ulé òun.

Kì í ṣe ìkà. Ẹni tó bá mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á yé e. Bí Iléyá tàbí Kérésì bá ku díẹ̀, àwọn ọmọ á sùn sórí bẹ́ńṣì de aṣọ wọn, máṣínì mẹ́rin á máa dún pọ̀ bí òjò lórí páànù, ìyá kan á máa bẹ̀bẹ̀, ìyá kejì á máa ṣépè. Nísinsìnyí máṣínì kan ló ń dún, àgékù aṣọ ló bo àwọn yòókù.

Túnmiṣe wá kí i fúnra rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, Bàbá Ùsmán ní kó dìde, kò kúkú ya aláìlẹ́kọ̀ọ́.

"Bàbá, fáṣàn ni ohun tó ń yí padà lọ́dọọdún," Túnmiṣe wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Èyí tí mò ń tà kì í yí. Funfun ọdún tó kọjá náà ni funfun ọdún yìí. Àgbẹ̀ ń wọ̀ ọ́ lọ oko, tíṣà ń wọ̀ ọ́ sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Kò wọ́n torí pé kò sí nǹkan kan lára rẹ̀."

"Ta ló rán an?"

Túnmiṣe yí etí pólò ara rẹ̀ síta, ó wò ó.

"Ẹni tó rán an, ǹjẹ́ ó yó? Ṣé ọmọdé ni, ṣé àgbà ni?" Bàbá Ùsmán kò gbé ohùn sókè. "Nígbà kan, mo lè dúró ní títì Ẹ̀fọ̀n kí n máa kí èèyàn láti ẹ̀yìn. Mi ò ní rí ojú wọn. Mo mọ ẹ̀yìn tí mo rán. Báyìí, gbogbo ẹ̀yìn ti rí bákan náà."

Ó dun Túnmiṣe débi pé ó fẹ́ sunkún. Àmọ́ ọmọ Ìjerò ni, ẹnu rẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀. "Ẹ má bínú o, Bàbá. Síńgílẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ bùbá yín yẹn, ta ló rán an?"

Lẹ́yìn ilé, níbi tí Ìyá Àṣírù ti ń gún iyán, ọmọ odó dákẹ́. Àṣírù wo òkè àjà. Bàbá Ùsmán na ọwọ́ sẹ́yìn ọrùn ara rẹ̀, ó kan síńgílẹ́ẹ̀tì ọjà, ó mú ọwọ́ kúrò bí ẹni tí iná jó.

"Mo máa rán tèmi," ló wí. "Ọjọ́ tí mo bá wọ̀ ọ́ lọ kírun Jímọ̀ tí mo sì wọ̀ ọ́ bọ̀, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yìí ti kú nìyẹn."

Túnmiṣe sin ara rẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀. Àṣírù tẹ̀ lé e.

"Kò sóhun tí bàbá mi ò lè rán," Àṣírù wí. "Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù."

"Mi ò ní bá bàbá ẹ jà. Tó bá wọ̀ ọ́ bọ̀, mi ò ní yọ ẹ́ lẹ́nu mọ́." Ó fọwọ́ tẹ́ ọrùn pólò dúdú tó wà lára Àṣírù, níbi tó ti ká. "Wọ nǹkan míì nígbà míì. O ti ń dà bí olókùú."

Bàbá Ùsmán fi gínì funfun rán an, èyí tó dáa jù nínú àpótí rẹ̀. Ojú rírán rẹ̀ gún bí ọ̀nà ìjọba. Ó fi sítáàṣì sí i, ó lọ̀ ọ́ títí ó fi lè dá dúró lórí tábìlì. Ohun kan péré ló gbàgbé. Aṣọ síńgílẹ́ẹ̀tì ọjà máa ń fà, gínì kì í fà. Láti ọjọ́ tó ti ń ránṣọ, kò rán ohun tó lẹ̀ mọ́ ara rí. Bó ṣe wọ ọrùn rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀.

Ní mọ́ṣáláṣí, nígbà tí gbogbo ìjọ gbé ọwọ́ dé etí, ọwọ́ Bàbá Ùsmán dé àyà, ó dúró. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ fún rukúù, ó tẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí òjò pa. Ó rìn bọ̀ wálé pẹ̀lú apá méjèèjì níta, bí ẹni gbé agbada omi tí ẹnikẹ́ni kò rí. Àwọn èèyàn ń kí i, ó ń dáhùn láìyí ọrùn.

Ó wọ̀ ọ́ lọ, ó sì wọ̀ ọ́ bọ̀. Ṣé ó máa bọ́ ọ báyìí? Òógùn ti rẹ gínì yẹn mọ́ ọn lára. Ó fà á dé orí, ó há. Nígbà tí Àṣírù sáré dé ẹ̀yìn ilé, bàbá rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó wọ ṣòkòtò, apá méjèèjì nà sókè ọ̀run, orí kò sí. Ìyá Àṣírù dúró tì í, ó fi ìborí bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," ohùn kan wí nínú gínì.

Àṣírù lọ mú sísọ́ọ̀sì. Bó ṣe ń padà bọ̀, ó pàdé Túnmiṣe lójú ọ̀nà àbáwọlé. Túnmiṣe kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìdáhùn kan ló gbé wá fún bàbá, ó sì ti pinnu pé òun á sọ ọ́, òun á sì lọ.

"Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá." Ó bá Àṣírù dé ẹ̀yìn ilé, ó kúnlẹ̀ fún aṣọ.

"Ta nìyẹn? Má wò mí."

"Mi ò wò yín, sà. Gínì ni mò ń wò."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gé e," Àṣírù wí. Gbogbo ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá Ùsmán ló mọ̀ pé a kì í fi sísọ́ọ̀sì gé iṣẹ́ tí kò tíì gbó. Kò lè sọ pé kí wọ́n gé e, kò sì lè dúró bẹ́ẹ̀ di ọ̀la.

Túnmiṣe gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ Àṣírù, ó gbé e sílẹ̀. "Ẹ fún mi ní abẹ́rẹ́. Iṣẹ́ tó dáa báyìí, mi ò lè wo ẹni tó máa gé e."

Ó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ apá ọ̀tún, ó ń tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fa òwú náà jáde láì jẹ́ kó já. Bó ṣe ń tú u ló ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ bi mí pé ta ló ń rán pólò tí mò ń tà. Mo bi ẹni tó ń kó o fún mi n'Íbàdàn. Ó ní òun ò mọ̀. Mo gba nọ́ńbà ẹni tó ń kó o fún òun náà. Ìyẹn bú mi."

"Ó bú ẹ?"

"Ó ní kí n lọ bi ìyá mi."

Gínì gbọ̀n. Ẹ̀rín ni.

"Torí náà mi ò tíì mọ̀, sà. Ó lè jẹ́ fáàsì fáṣàn lóòótọ́, ó lè má jẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ mi ń wọ̀ ọ́ títí á fi di aṣọ ìnulẹ̀. Èyí tó kù, mò ń béèrè. Mi ò ní torí pé mo fẹ́ ọmọ yín kí n wá purọ́ fún yín."

Apá ọ̀tún bọ́ wálẹ̀. Bàbá Ùsmán lè fà á kúrò lórí báyìí tó bá fẹ́. Kò fà á. Ó fi ọwọ́ tó ti bọ́ kan ojú ibi tí wọ́n tú, ó tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò rí ihò kan níbẹ̀.

"Máa béèrè," ló wí. "Má jẹ́ kí wọ́n fi èébú dá ẹ padà." Ó wá pe ọmọ rẹ̀: "Àṣírù."

"Sà."

"Àwọn ará Ìjerò yẹn. Irú uṣu wo ni wọ́n ń fẹ́ kí wọ́n gbé wá fún wọn?"

Ọ̀rọ̀ iṣu yìí kọ́kọ́ rú Àṣírù lójú. Kò rú ìyá rẹ̀ lójú, ó ti mú ìborí kúrò lẹ́nu, ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú omi lójú. Ọwọ́ Túnmiṣe dúró lórí aṣọ.

"Kí ló dé tó o dúró?" Bàbá Ùsmán bi í látinú gínì. "Ẹ̀gbẹ́ òsì ṣì kù, ìyàwó wa."

Àṣírù na ọwọ́ kó gba abẹ́rẹ́, ìka Túnmiṣe ló bá. Ó dì í mú. Abẹ́rẹ́ gún un wọ inú àtẹ́lẹwọ́, kò sì jọ̀wọ́ ìka náà.