Orí Ẹja Inú Lẹ́tà Àkànkẹ́

Bí ìsìn ọjọ́ Àìkú bá ti parí, tí oúnjẹ ọ̀sán sì ti wọ ikùn, kò sí ẹni tí í sùn nínú àgbàlá àwọn Yorùbá tó wà nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin ní Port Harcourt. Ẹni tí lẹ́tà bá dé fún láti ilé á mú un jáde. Bàbá Akínbíyìí, tó ti fi ọdún méjìlélógún ṣe akọ̀wé kóòtù, á gbé àga sábẹ́ igi máńgòrò, á wọ awò ojú rẹ̀, á sì máa kà á fún ẹni tó ni lẹ́tà àti ẹni tí kò ni ín.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Lẹ́tà ẹnì kan, etí gbogbo àgbàlá. Bí wọ́n bá bímọ nílé, gbogbo wọn á jọ yọ̀. Bí àgbà kan bá kú, wọ́n á jọ káwọ́ lérí. Ẹnikẹ́ni ò rí ohun tó burú níbẹ̀, àfi ọjọ́ tí lẹ́tà Àkànkẹ́ dé.

Àkànkẹ́ yìí, ẹja gbígbẹ ló ń tà lọ́jà etí odò. Gbọ́lágadé ọkọ rẹ̀ ń kun ọkọ̀ ojú irin lọ́dà. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó mọ̀wé. Ọláídé, ẹ̀gbọ́n Àkànkẹ́ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ló kọ lẹ́tà ọ̀hún láti Ìkìrun.

Bàbá Akínbíyìí tú u, ó wúkọ́, ó sì kà á bí ẹni ń ka ẹ̀sùn sí ọ̀daràn létí:

"Ta ló jẹ orí ẹja. Ológbò ni. Ológbò ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ológbò tó róṣọ. Ológbò tó ń jẹ́ Àkànkẹ́."

Àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní àbájọ tí ẹja tí òun rà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́sí kò fi lórí. Àkànkẹ́ dìde, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Bàbá Akínbíyìí kì í ṣe ẹni tí í ka lẹ́tà dé ìdajì; ó kà á parí sáàárín ẹ̀rín, ó ká a, ó sì ní kí wọ́n mú un lọ fún un nínú ilé.

Ẹ̀rín ń rìn ju ẹsẹ̀ lọ. Kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀rọ̀ ti dé ọjà. Ibiere, obìnrin Okrika tí àtẹ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, kí i pé, "Mama Puss, good morning." Ológbò ni wọ́n ń pè ní puss lọ́dọ̀ wọn. Láti ọjọ́ náà, bí oníbàárà bá fẹ́ ra ẹja lọ́wọ́ Àkànkẹ́, á kọ́kọ́ wo orí rẹ̀, á sì máa rẹ́rìn-ín sínú.

Ojú ti Àkànkẹ́, inú sì bí i sí Ọláídé. Kí ló ṣe é tí ọmọ ìyá ẹni fi máa kọ èébú ránṣẹ́ láti ibi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀? Bí lẹ́tà mìíràn bá dé, á gbà á, á jù ú sínú agolo bisikí abẹ́ ibùsùn, láìtú u. Ọdún méjì, lẹ́tà mẹ́rin, kò sí èsì kan ṣoṣo.

Nígbà tí lẹ́tà karùn-ún yóò fi dé, ó ti di oṣù kẹjọ ọdún tó tẹ̀lé òmìnira. Ọjà ló ti bá Àkànkẹ́, ó sì tì í bọ abẹ́ àtẹ ẹja. Hannah, ìyàwó Adékọ̀yà akọ̀wé báńkì, tó wá ra ẹja, rí i. Obìnrin pẹ̀lẹ́ ni Hannah. Òun ló ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé Yorùbá nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀.

Ó béèrè ìdí tí lẹ́tà fi ń bá ẹja sùn. Àkànkẹ́ rò fún un, láti orí dé ìrù.

Hannah ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín kà á, mà. Àwa méjì péré, níbi kọ́lọ́fín."

"Rárá, ọmọ mi. Ẹnu ẹlòmíràn ti tó lórí ọ̀rọ̀ mi."

Hannah kò jà sí i. Ó kàn yí àpò lẹ́tà náà padà. "Mi ò ní tú u, mà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ níhìn-ín, wọ́n kọ nǹkan sí i. Wọ́n ní: *Bí Kérésìmesì bá dé tí mi ò gbúròó rẹ, mi ò ní kọ̀wé mọ́. Mo ti dàgbà.*"

Àkànkẹ́ ń to ẹja. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹni tó ń bínú sí ọmọ ìyá rẹ̀ kò rò ó láéláé pé ó lè rẹ ọmọ ìyá náà lọ́jọ́ kan.

"Oṣù mélòó ló kù sí Kérésìmesì?"

"Mẹ́rin àti díẹ̀, mà. Ó tó láti kọ́ ọ."

"Ojú tó ti ń wo èéfín ẹja láti ọgbọ̀n ọdún, ṣé ó tún lè mọ A, B, D?"

"Ojú tó mọ ẹja tútù yàtọ̀ sí èyí tó ti sùn mọ́jú," ni Hannah wí, "kí ló lè pa mọ́ ọn lójú?"

Bẹ́ẹ̀ ni Àkànkẹ́ ṣe dèrò gbọ̀ngàn. Ibiere bi í bóyá lọ́yà ló fẹ́ dà. Àkànkẹ́ kàn tẹjú mọ́ ìwé rẹ̀. Lójú rẹ̀, *O* ni ẹnu ẹja tó ń mí lórí omi. *S* ni ejò omi. Fi ìwọ̀ kọ́ ọ nísàlẹ̀, ó di *Ṣ*. Ó ń kó wọn jọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kó edé. Hannah tún kọ́ wọn lórin tí wọ́n fi ń lọlé:

*A, B, D, ẹ má rojú,*
*Díẹ̀ díẹ̀ la ó kà á.*
*Ohun tí mo fẹnu ara mi kà,*
*Ó dùn ju orí ẹja lọ.*

Orí ẹja yẹn, Àkànkẹ́ ló fi í síbẹ̀. Ọjọ́ tó fi í síbẹ̀ ni Hannah mọ̀ pé ọgbẹ́ ti ń jiná.

Nígbà tó di oṣù kọkànlá, Hannah kó àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá àtijọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kà tán fún Àkànkẹ́ kó fi máa di ẹja. Àṣé wàhálà ló kó bá ọjà. Àkànkẹ́ kì í dì í mọ́ àfi bó bá ti kà á. Oníbàárà á dúró, á fọwọ́ lẹ́rán. Ètè Àkànkẹ́ á máa jì, ìka rẹ̀ á máa tẹ̀lé ọ̀rọ̀, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Hẹ̀n-ẹn," bí ẹni tí ará ilé ń bá sọ̀rọ̀. Ó ka ti àgbẹ̀ kan tí iṣu rẹ̀ ga ju ọmọ rẹ̀ lọ. Ó ka bí wọ́n ṣe ń fi omi ọsàn fọ abẹ̀bẹ̀ idẹ. Oòrùn kan náà ló ń ràn sórí àtẹ rẹ̀, eṣinṣin kan náà ló ń lé, ṣùgbọ́n ọjọ́ kò gùn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kan, ó ń ka ìtàn ọkùnrin kan tó ń wá ìyàwó rẹ̀ kiri. Ibiere ní kí ó di ẹja fún òun kíá, òun ń kánjú. Àkànkẹ́ fi ìwé náà dì í, ó gba owó. Ìgbà tí Ibiere ti dé etí ọ̀nà ni ara Àkànkẹ́ kò gbà á mọ́; ó sáré tẹ̀lé e.

"Ibiere, abeg, wait. Jẹ́ kí n mọ̀ bóyá ó rí i."

"Mama, na fish I buy o. No be story."

Àwọn méjèèjì tú ẹja náà sẹ́bàá ọ̀nà, Àkànkẹ́ sì ka ìyókù sókè. Ọkùnrin náà rí i. Ibiere tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa ní kó sọ ọ́ ní èdè tí òun gbọ́. Ó sọ ọ́. Ibiere mí kanlẹ̀, ó ní òun dúpẹ́ fún ọkùnrin náà. Láti ọjọ́ náà, kò pè é ní Mama Puss mọ́.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kejìlá, Àkànkẹ́ fa agolo bisikí jáde lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Ó ní kò sí ibi tí òun ó ti bẹ̀rẹ̀ ju ibi tí ó ti dun òun. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ló mú, èyí tí wọ́n kà lábẹ́ máńgòrò.

*Ta ló jẹ orí ẹja o?*
*Ológbò ni.*
*Ológbò ẹlẹ́sẹ̀ méjì...*

Ó fi ìka tẹ̀lé e. Ní ìlà kẹta, ohùn gbé e. Orin ni! Orin tí wọ́n jọ ń kọ lọ́mọdé ni, nígbà tí wọ́n bá ń gún ata, tí ọ̀kan á dá a, tí èkejì á gbè é. Bàbá Akínbíyìí ka orin bí ìwé ìpẹ̀jọ́. Àkànkẹ́ kọ ọ́ já, ó gbè é fúnra rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí tí Gbọ́lágadé fi yọjú láti ẹ̀yìnkùlé.

Ìgbà náà ló wá ka ìsàlẹ̀, ibi tí ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀ lọ́jọ́sí:

*Àkànkẹ́, èmi náà jẹ nínú orí ẹja yẹn. Ìyá wa nà ọ́, mo sì dákẹ́. Ó ti ń dùn mí láti ìgbà náà. Jọ̀wọ́, foríjì mí.*

Lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ ni. Ọdún méjì ló fi sùn lórí ẹ̀bẹ̀, tó pè é ní èébú.

Ó tú àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ewúrẹ́ Ọláídé bí ìbẹta. Òjò ya òrùlé rẹ̀, ọmọ rẹ̀ tún un ṣe. Lẹ́yìn ìròyìn kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè kan náà: *Ṣé o ti foríjì mí?* Nígbà tó ka èyí tó gbẹ̀yìn tán, ó nu ojú, ó sì mú pẹ́ńsùlù. Gbogbo òwúrọ̀ ló fi kọ ìlà mẹ́ta:

*Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti foríjì yín. Èmi Àkànkẹ́ ló kọ ọ́, ọwọ́ mi ni. Ta ló jẹ orí ẹja o?*

Èsì dé lẹ́yìn ọdún tuntun. Ní ọjọ́ Àìkú, àgbàlá péjọ, Bàbá Akínbíyìí sì na ọwọ́ sí lẹ́tà bí ìṣe rẹ̀. Àkànkẹ́ kúnlẹ̀ kí i, ó ní kí bàbá má bínú, òun ó gbìyànjú ẹ̀. Ó jókòó, ó tú u, ó sì ń fojú kà á láìlanu. Gbogbo wọn ń wò ó. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ka díẹ̀ sí i, ó gbá itan. Ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín.

Bàbá Akínbíyìí ò lè mú un mọ́ra. "Àkànkẹ́, kí ni wọ́n wí?"

Àkànkẹ́ gbójú sókè, ó sì dá a lórin: "Ta ló jẹ orí ẹja o?"

Ó dá èkejì, ó kọ́ wọn bí wọn ó ṣe gbè é. Àgbàlá gbè é, Bàbá Akínbíyìí náà gbè é. Nígbà tí orin rọlẹ̀, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Mi ò mọ̀ pé orin ni, Àkànkẹ́. Má bínú."

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, ìwé kíkà kì í ṣe ti ọmọ iléèwé àti akọ̀wé nìkan. Ẹni tó bá kà á fúnra rẹ̀ ló ń gbọ́ ohùn ẹni tó kọ ọ́. Ẹ má fi lẹ́tà tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín pamọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọjọ́ orí tì yín lójú. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ yọ̀ǹda ìyàwó yín, kí ẹ̀yin náà sì tẹ̀lé wọn. Bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ máa ka díẹ̀ lójoojúmọ́, ìbáà ṣe ìwé tí wọ́n fi di ẹja. Ayọ̀ kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń dúró dè yín.

Ẹ béèrè kíláàsì àgbà ní àdúgbò yín. Pẹ́ńsùlù kan péré ni kí ẹ mú dání. Orin wà níbẹ̀.