Ìtẹ́ Àtíòro

"Ẹ pàtẹ́wọ́ fún Waris! Òun ló rí ìtẹ́ àtíòro!"

Bí olùkọ́ ti sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́, àfi Ràhmát. Òun gan-an ló rí ìtẹ́ náà nínú igbó ẹ̀yìn Atikori, lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ olùwo-ẹyẹ ilé-ìwé wọn lọ wo ẹyẹ àti ewéko. Òun ló fi ihò igi náà han Waris, níbi tí abo ẹyẹ ti fi amọ̀ dí ara rẹ̀ mọ́nú, tó ku ojú tóóró tí akọ ń gbà fún un lóúnjẹ. Ni Waris bá sáré lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣuntọ́lá, olùkọ́ wọn, pé òun ló rí i. Ní Sátidé, Waris ni yóò ṣamọ̀nà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láti Àgọ́-Ìwòyè.

"Fi sílẹ̀," Aaliyah ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. "Bí a ò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rí ẹni bá ṣeré."

"Ta ló fẹ́ bá olè ṣeré? Jẹ́ kó kó àlejò wá. Ihò òfìfo ni yóò fi hàn wọ́n!"

Láàárọ̀ Sátidé, Ràhmát gbé ọ̀pá ọparun wọgbó. Èrò rẹ̀ ni pé ẹyẹ náà á fò lọ síbòmíràn. Ó ń gún amọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Waris, o kú ìtìjú!"

Amọ̀ ya. Ẹyẹ jáde, ṣùgbọ́n kò fò. Ó já lulẹ̀ gbì! Gbogbo ìyẹ́ tó fi ń fò ló ti bọ́ sínú ihò nígbà tó ń sàba. Ó wọ́ wọ inú koríko.

Ohùn èèyàn ń bọ̀. Ràhmát sá pamọ́.

"Amọ̀nà wa, ṣé ihò lásán la wá wò?" àlejò kan bi Waris. Ẹ̀rín sọ.

"Ìwọ nìkan lo mọ ibí, Waris! Ta ló fọ́ ọ?" Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣuntọ́lá jágbe.

"Wàláhì, sà, kì í ṣe èmi!" Omijé bọ́ lójú Waris.

Ẹ̀san ti pé. Inú Ràhmát dùn dénú egungun. Àfi bí akọ àtíòro ṣe dé pẹ̀lú èso lẹ́nu. Ó na ẹnu sí ihò, kò rí ẹni gbà á. Ó tún nà án. Ó ké. Abo dá a lóhùn nísàlẹ̀, nínú koríko.

Ràhmát jáde. "Èmi ni mo fọ́ ọ, sà. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, Waris ló gbà á mọ́ mi lọ́wọ́."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi ní kíláàsì?"

Ràhmát sọ ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Waris ń wolẹ̀.

Ẹyẹ náà kò rí alẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n yọ àwọn méjèèjì kúrò nínú ẹgbẹ́ olùwo-ẹyẹ. Waris ló ṣẹ̀, àtíòro ló kú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá fi ẹ̀tọ́ yín dù yín, ẹ sọ ọ́ síta lójú gbogbo ayé. Ọ̀pá ẹ̀san kì í bèèrè ẹni tó ṣẹ̀ kó tó gún.