Òru Tí Gbogbo Nǹkan Dákẹ́

Màmá ti wọ aṣọ funfun tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé búrẹ́dì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ rẹ̀, ó ń fetí sí èémí wọn. Ikọ́ fée ń bá màmá arúgbó náà jà. Àyà wọn ń súfèé bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró láti ọjọ́ pípẹ́: fíìì wọlé, fíìì jáde.

"Abẹ́rẹ́," Màmá pè.

Abẹ́rẹ́ kọ́ ni wọ́n sọ ọmọ náà níjọ́ ìsọmọlórúkọ. Bàbá rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ ló fún un lórúkọ yẹn nígbà tó rí i pé ọmọbìnrin òun ga, ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì mú.

"Mà."

"Ínhélà wọn wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Bí àyà wọn bá ń súfèé báyìí, má dààmú jù. Afẹ́fẹ́ ń wọlé, ó ń jáde nìyẹn. Ìgbà tó bá dákẹ́ lójijì ni kó o bẹ̀rù. Ìdákẹ́ yẹn kì í ṣe ìsinmi. Fín oògùn náà sí wọn lẹ́nu, kó o sì ké pe Dírébà. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́ mà."

"Kí ni mo sọ?"

"Ẹ ní ínhélà wà lábẹ́ ìrọ̀rí."

Màmá wò ó títí. Ká ní ọkọ̀ ilé búrẹ́dì ò ti máa fọn fèrè lójú títì ni, bóyá ì bá tún ọ̀rọ̀ náà sọ. "Etí ọmọ yìí wà nílé, ọkàn rẹ̀ ti jáde," ó wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Òótọ́ ni, ọkàn Abẹ́rẹ́ ti jáde. Òru kẹtàdínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀ ni wọ́n wà. Bàbá ti rán gbogbo aṣọ ọdún tí wọ́n gbé fún un, ó da aṣọ bo máṣíìnì rẹ̀, ó ká ẹní, ó sì lọ ń gbé mọ́ṣáláṣí fún ìtikáfù, ìjọsìn tí kì í jẹ́ kéèyàn jáde títí ààwẹ̀ yóò fi parí. Òru Abiyì ló ń wá, òru kan ṣoṣo tí iṣẹ́ rere inú rẹ̀ ju ti ẹgbẹ̀rún oṣù lọ. Abẹ́rẹ́ náà ń wá a. Ohun tó fi ń wá a ni ìdánwò àṣejáde tó ń dúró dè é lẹ́yìn ọdún. Ìṣirò ń bà á lẹ́rù ju ejò lọ. Jálẹ̀ oṣù ààwẹ̀ ló ń sọ pé bí òun bá ti ṣínu tán òun á kàwé. Bó bá sì ti ṣínu tán, oorun ló máa ń ka òun fúnra rẹ̀ bí ìwé.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ búrẹ́dì lọ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé. Ọmọ Dírébà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wọn ni. Lọ́yà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí kò sí ẹjọ́ tí kò lè rò. Ó ti wé ìborí, ó ń bá ìyá rẹ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí.

"Ṣé o ò lọ ni?"

"Ta ni kí n fi Ìyá Àgbà sílẹ̀ fún?"

"Wọn ò tíì sùn?"

"Wọ́n ti sùn. Àyà wọn ni ò sùn."

Lọ́yà rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Mọ́ṣáláṣí nìkan kọ́ ni Òru Abiyì ti ń bá èèyàn. Ìwọ ṣáà wà lórí ẹní. Tí òru yẹn bá dé, ajá ò ní gbó, atẹ́gùn ò ní fẹ́, gbogbo nǹkan á dákẹ́ lọ rọ́rọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni kó o forí kanlẹ̀, kó o tọrọ. Má sì dìde o. Bó o bá dìde kó o tó parí, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ nìyẹn. Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí."

"Ta ló sọ ìyẹn fún ẹ?"

"Àwọn àgbà."

"Àgbà wo?"

"Ṣé ilé ẹjọ́ la wà ni?" Lọ́yà wí. "Bó bá jẹ́ ìwọ lo mú un, rántí mi. Ìṣirò ń fojú mi gbolẹ̀ náà."

Abẹ́rẹ́ ṣe àlúwàlá, ó tẹ́ ẹní sí yàrá ìránṣọ. Ògiri kan ṣoṣo ló pààlà láàárín ibẹ̀ àti yàrá Ìyá Àgbà. Ṣùgbọ́n bó bá ti kírun dé ìdajì, ìsúfèé yẹn á wọ inú Kùránì tó ń ké, á dà á rú. Ó dìde, ó lọ di ilẹ̀kùn màmá arúgbó náà mú.

"Abẹ́rẹ́," Ìyá Àgbà pè é láti inú òkùnkùn, "fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí."

"Iná ọ̀dọ̀ mi ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sùn, mà."

"Iná ni, àbí ariwo mi?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́. "Ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ arúgbó, ṣé ó mọ̀ pé òun náà ń dàgbà? Ó dáa, tì í. Bí mo bá fẹ́ ẹ, n ó kan ògiri."

"Ẹ kàn án, mà. Màá gbọ́."

Ó ti ilẹ̀kùn.

Nínú yàrá ìránṣọ, àwọn aṣọ ọdún so kọ́ ara ògiri, apá wọn nà gbọọrọ bí èèyàn tí kò lórí. Abẹ́rẹ́ kẹ́yìn sí wọn. Ó kírun, ó jókòó, ó tún kí òmíràn. Ìsúfèé náà ṣì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ṣùgbọ́n ó ti fẹ́ẹ́rẹ́, ó jọ ohun tó ń dún nílé ẹlòmíràn.

Àfi bí iná ṣe lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Fáànù yí, ó rọra yí, ó dúró. Fíríìjì wúkọ́ kan, ó panu mọ́. Òkùnkùn wá jókòó sínú yàrá bí àlejò tí kò ní lọ. Ajá ìta tó máa ń dààmú gbogbo àdúgbò ò gbó. Ewé kan ò mì. Irun apá Abẹ́rẹ́ dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó forí kanlẹ̀.

Orí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ẹní ni nígbà tí nǹkan kan ògiri. Kó, kó.

Ó mọ̀ pé Ìyá Àgbà ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tiẹ̀ ti fẹ́ dìde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Lọ́yà dì í mú lọ́rùn: bó o bá dìde, ó ti bọ́. Ó ro ti òru tí kò tún ní í pàdé títí di ọdún tó ń bọ̀, ó ro ti ìdánwò. "Ẹ dúró díẹ̀, mà," ó wí nínú ọkàn rẹ̀, níbi tí Ìyá Àgbà ò ti lè gbọ́.

Wọ́n tún kan ògiri. Èyí ò dún bí ọwọ́ mọ́, bí èékánná ni. Lẹ́yìn náà, ìsúfèé tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn bọ̀ lọ sókè, ó tín-ín-rín, ó tín-ín-rín sí i bí fọ́nrán òwú tí wọ́n ń fà, ó sì já.

Ìdákẹ́ tó tẹ̀ lé e pé bí ẹyin.

"Ó ti dé," Abẹ́rẹ́ wí, omi bọ́ lójú rẹ̀ sórí ẹní. "Ọlọ́run, jẹ́ kí n yege. Jẹ́ kí n yege." Ó ń wí i léraléra, bí ẹni tó di etí aṣọ èèyàn mú tí kò fẹ́ kó lọ.

Ajá gbó.

Ó gbó lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ dúró lẹ́nu ọmọ náà. Ó tún gbó, ajá òpópónà kejì dá a lóhùn. Jẹnẹrétọ̀ ẹnì kan ń kùn. Láti ọ̀nà jíjìn, ohùn ìmáàmù bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú ẹ̀rọ agbóhùnsókè wá. Atẹ́gùn gbọn páànù orí ilé. Gbogbo ohùn tó ti lọ ló ń padà sí àyè rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Abẹ́rẹ́ sì ń gbọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dé, iwájú orí rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Ọ̀kan ò padà.

Ìdákẹ́ yẹn kì í ṣe ìsinmi. Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ etí rẹ̀.

Ó sáré, ó fẹsẹ̀ gbá ẹsẹ̀ máṣíìnì, kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Ó fi iná fóònù wo yàrá. Ìyá Àgbà ti yọ́ dé etí ibùsùn, ọwọ́ wọn kan ṣì wà lára ògiri. Ẹnu wọn là, ètè wọn ti rí bí eérú tútù, àyà wọn ń lọ sókè sódò láìmú ohùn kankan jáde. Ojú wọn là sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń wò.

Kò sí ínhélà lábẹ́ ìrọ̀rí. Ó ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Abẹ́rẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó ń tọ́ abẹ́ ibùsùn wò, ó fa bàtà jáde, ó fa ike omi jáde, kó tó rí i. Ó gbé màmá náà jókòó, ó fín in sí wọn lẹ́nu, ó tún fín in. Lẹ́yìn náà ló na orí jáde lójú fèrèsé, tó fi gbogbo ohùn tó ní ké pe Dírébà.

Dírébà tó ń sùn torí iṣẹ́ ìdájí sáré dé, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì sódì. Kò bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ó gbé Ìyá Àgbà bí ọmọ ọwọ́, ó gbé wọn sínú ọkọ̀.

Nílé ìwòsàn, wọ́n fi ike afẹ́fẹ́ bo màmá náà nímú, wọ́n ti gbogbo èèyàn síta. Màmá dé, ìyẹ̀fun ṣì wà lápá rẹ̀. Bàbá dé, tẹ̀sùbáà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti já ìtikáfù rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́yà tẹ̀ lé e, ó ń mí hẹlẹ. Nọ́ọ̀sì kan yọjú.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ ìyá nígbà tó bẹ̀rẹ̀? Èémí wọn ti há tipẹ́ kí wọ́n tó gbé wọn dé. Kí ló fà á?"

Gbogbo ojú yí sí Abẹ́rẹ́. Lọ́yà ló kọ́kọ́ lanu.

"Iná ló lọ, mà. Òkùnkùn ṣú biribiri, kò lè ríran." Ó tẹ Abẹ́rẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹjọ́ náà dùn. Kò sí ẹni tí kò ní gbà á, torí iná lọ lóòótọ́.

Abẹ́rẹ́ wo ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ lọ́mọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Kì í ṣe iná," ó wí. "Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n kan ògiri. Ẹ̀ẹ̀mejì. Mo forí kanlẹ̀, gbogbo nǹkan dákẹ́, mo rò pé òru náà ló dé. Wọ́n ní ẹni tó bá dìde ti pàdánù ẹ̀. Mi ò dìde."

Màmá fọwọ́ bo ẹnu. Nọ́ọ̀sì padà wọlé. Bàbá ká tẹ̀sùbáà rẹ̀ sínú àpò.

"Òjíṣẹ́ Ọlọ́run," ó wí, "bó bá ń kírun tó gbọ́ igbe ọmọdé lẹ́yìn, ńṣe ló ń gé ìrun náà kúrú, kí ara má bàa ni ìyá ọmọ. Láti kékeré ni mo ti ń wá òru yẹn, Abẹ́rẹ́. Mi ò gbọ́ ọ rí pé ó ní ká dití sí ìyá wa."

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ò lè jókòó síbẹ̀. Ó dúró ti fèrèsé títí ilẹ̀ fi mọ́. Àwọn àgbà ní bí Òru Abiyì bá kọjá, oòrùn àárọ̀ rẹ̀ kì í ta èèyàn lójú. Oòrùn ọjọ́ náà yọ pẹ̀lú ìtànṣán tó ń gún ojú bí abẹ́rẹ́.

Ọlọ́run yọ Ìyá Àgbà. Ṣùgbọ́n dókítà sọ pé èémí wọn ò ní pé mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ibi tí wọ́n máa ń rìn dé láàárọ̀, wọn ò ní lè dé ibẹ̀ mọ́. Abẹ́rẹ́ gbọ́ ọ, ó sì mọ ẹni tó fà á.

Ní òru kọkàndínlọ́gbọ̀n, òun ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun jókòó ti Ìyá Àgbà. Ó ṣí ìwé ìṣirò sórí itan, ó sún àga mọ́ ibùsùn. Ìsúfèé ti padà sáyà Ìyá Àgbà. Fíìì wọlé, fíìì jáde. Kò tíì gbọ́ Kùránì kíké kan tó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀.

"Kí lo tọrọ lọ́jọ́ yẹn?" Ìyá Àgbà bi í. Ohùn wọn kò ju fọ́nrán òwú lọ.

"Mo ní kí n yege, mà."

"Èmi náà tọrọ. Ìwọ ń forí kanlẹ̀, èmi ń fọwọ́ kan ògiri. Ẹnì kan náà la jọ ń pè. Mo ní, Ọlọ́run, jẹ́ kọ́mọ yìí gbọ́." Wọ́n mí díẹ̀. "Ó rí i pé o ò gbọ́, ló bá rán ajá."

Abẹ́rẹ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Ìyá Àgbà na ọwọ́, wọ́n fi ìka kan eegun èjìká rẹ̀: kó, kó.

"Mo gbọ́, mà," ó wí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àdúrà dára, ṣùgbọ́n kì í kàwé fún ẹni tó ní ìwé tí kò ṣí i. Ẹni tó bá sì ń wá òru tó dára ju ẹgbẹ̀rún oṣù lọ, kó má ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́. Ibi tí wọ́n ti ń kan ògiri, bóyá ibẹ̀ ni òru náà ti ń pè wá.